Yíyan Kọ̀ǹpútà Àlòkù Tí Yóò Gbé Flight Simulator X Láìkọsẹ̀

Ọdún 2006 ni Microsoft gbé Flight Simulator X jáde, èyí tí àwọn tó ń fi í wa bàlúù máa ń pè ní FSX. Èèyàn lè rò pé géèmù tó ti pẹ́ tó báyìí yóò ṣiṣẹ́ dáadáa lórí kọ̀ǹpútà èyíkéyìí tó bá ṣáà ti ń tàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà ńlá tó ní core 16 (core ni ẹ̀ka tó ń ṣe iṣẹ́ nínú CPU, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà) lè máa kọsẹ̀ nígbà tí bàlúù bá ń sún mọ́ pápákọ̀ òfurufú ìlú ńlá, kí àlòkù ọ́fíìsì kan tí kò wọ́n rárá sì gbé e balẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ géèmù náà ló fà á. Àwọn tó kọ ọ́ gbà pé bí ọdún ti ń gorí ọdún ni eré core kan ṣoṣo yóò máa pọ̀ sí i. Nítorí náà, iṣẹ́ tó wúwo jù, bí ìṣirò bí bàlúù ṣe ń fò, ojú ọjọ́, àwọn ọkọ̀ mìíràn tó ń lọ tó ń bọ̀, àti kíkó àwòrán fún káàdì fídíò, orí core kan náà ni gbogbo rẹ̀ rọ̀ mọ́. Àtúnṣe SP1 tó jáde ní 2007 pín iṣẹ́ kíkó àwòrán ilẹ̀ fún àwọn core yòókù, ṣùgbọ́n olórí iṣẹ́ ṣì wà níbi tó wà. Èèyàn mẹ́jọ lè dúró lóko, bó bá jẹ́ ọkọ́ kan ṣoṣo ló wà, ọwọ́ ẹni tó di ọkọ́ náà mú la ó máa wò.

Èkejì: géèmù 32-bit ni. Bó ti wù kí RAM yín (ìrántí tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́) pọ̀ tó, kò lè lò ju 4 GB lọ. Ohun méjì yìí ló yẹ kó wà lọ́kàn yín kí ẹ tó náwó: eré core kan ṣe pàtàkì ju iye core lọ, RAM àpọ̀jù kò sì ràn án lọ́wọ́.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: CPU ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò

Ibí ni kí èyí tó pọ̀ jù nínú owó yín lọ. Ẹ wo iye GHz (ìwọ̀n eré CPU) tó ga jù tí CPU náà lè sá dé, kì í ṣe èyí tó fi ń bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má fi GHz nìkan wé ara wọn bí ọjọ́ orí CPU méjì kò bá jọra. AMD FX-8350 ní core 8, ó sì ń bẹ̀rẹ̀ láti 4.0 GHz, Intel Core i3-8100 ní core 4 péré, 3.6 GHz ló sì dúró lé. Síbẹ̀, i3 yẹn ni yóò fò dáadáa jù nínú FSX, torí pé iṣẹ́ tó ń parí nínú ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan pọ̀ ju ti FX lọ fíìfíì. Ọ̀pọ̀ ló ti ra FX nítorí nọ́ńbà ńlá ara páálí rẹ̀, tí wọ́n sì kábàámọ̀.

Láti mọ ìran tí CPU Intel kan ti wá, ẹ fi nọ́ńbà mẹ́ta tó kẹ́yìn sílẹ̀ kí ẹ ka èyí tó ṣáájú wọn. i5-8500 jẹ́ ìran kẹjọ, i5-10400 jẹ́ ìran kẹwàá. Láti ìran kẹjọ sókè ni Windows 11 ti gbà wọlé, Microsoft sì dáwọ́ àtìlẹ́yìn fún Windows 10 dúró ní 14 October 2025. Ìdí rèé tí a fi ń sọ pé ìran kẹjọ ni ibi tó dára jù láti bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Àwọn tó yẹ kẹ́ ẹ máa fojú wá nìyí:

- Core i3-8100: 3.6 GHz. Kò sí ohun tó wà nísàlẹ̀ èyí tí a lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí nínú ìran yìí.
- Core i5-8500: ó ń sá dé 4.1 GHz.
- Core i3-9100: ó ń sá dé 4.2 GHz. Core 4 ló ní, FSX kò sì béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ.
- Core i5-9500: 4.4 GHz.
- Core i3-10100: 4.3 GHz.
- Ní ti AMD, Ryzen 5 3600 (4.2 GHz) tàbí Ryzen 5 5600 (4.4 GHz). Ryzen 3 2200G àti Ryzen 5 2400G pọ̀ lọ́jà, ṣùgbọ́n wọn kò sí lára àwọn tí Windows 11 gbà.

Bí owó kò bá tó rárá, i7-4790 (4.0 GHz) tàbí i5-4590 (3.7 GHz) ṣì lè fi bàlúù fò dáadáa. FSX kò bìkítà pé CPU náà ti dàgbà. Ààbò ẹ̀rọ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló yẹ kẹ́ ẹ rò, torí Windows 11 kò gbà wọ́n. Ẹni tí yóò lo kọ̀ǹpútà náà fún géèmù nìkan, tí kò ní ṣe iṣẹ́ báńkì lórí rẹ̀, lè fara mọ́ ọn.

Ẹ kíyè sí lẹ́tà tó bá kẹ́yìn orúkọ CPU, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. T túmọ̀ sí pé wọ́n dín iná rẹ̀ kù sí 35 watt, eré rẹ̀ sì dín kù pẹ̀lú rẹ̀: i5-8500T ń bẹ̀rẹ̀ láti 2.1 GHz, kò sì lè kọjá 3.5 GHz. Bí olùtajà bá kọ “i5 ìran kẹjọ” nìkan, ẹ béèrè bóyá T wà níbẹ̀. F túmọ̀ sí pé kò sí ẹ̀yà tó ń gbé àwòrán jáde nínú CPU náà rárá. Bí kò bá sí káàdì fídíò lọ́tọ̀, mọ́nítọ̀ yín kò ní fi nǹkan kan hàn. K jẹ́ èyí tí a lè fi kún eré rẹ̀, ṣùgbọ́n motherboard (pátákó tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà so mọ́) ọ́fíìsì kì í jẹ́ kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ má san owó kún owó nítorí K.

Xeon àtijọ́, CPU tí Intel ń ṣe fún sáfà, ni ẹ̀tàn kejì. Xeon E5-2670 ní core 8, ó sì máa ń pọ̀ lọ́pọ̀ yanturu lẹ́yìn tí àwọn ilé iṣẹ́ bá kó sáfà wọn dànù. 2.6 GHz ló ń bẹ̀rẹ̀, 3.3 GHz ló sì ga dé. Fún FSX, i3-8100 tó ní ìdajì core rẹ̀ dára jù ú lọ.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ yan ara àpótí

Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tí wọ́n ti lò ọdún mẹ́ta sí márùn-ún ni ìrànwọ́ tó tóbi jù fún ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀: Dell OptiPlex, HP EliteDesk, Lenovo ThinkCentre. Wọ́n ṣe wọ́n láti máa tàn láti àárọ̀ di alẹ́, ẹ̀yà ara wọn sì wọ́pọ̀. Nínú ìran kẹjọ, ẹ wá OptiPlex 7060, EliteDesk 800 G4 tàbí ThinkCentre M920.

Orúkọ kan náà lè wà lára àpótí mẹ́ta tí ìtóbi wọn kò dọ́gba. Èyí tó kéré jù, tó dà bí ìwé ńlá kan, kò ní àyè káàdì fídíò, CPU T ló sì sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀. Èyí tó wà láàárín, tí wọ́n ń pè ní SFF, ń gba káàdì kúkúrú nìkan, èyí tí wọ́n ń pè ní low-profile, nítorí náà ẹ rí i pé irin ẹ̀yìn kúkúrú wà pẹ̀lú káàdì náà nígbà tí ẹ bá ń rà á. Tower, èyí tó ga, ló dára jù. Ó ń gba káàdì tó gùn, afẹ́fẹ́ rí àyè gbà nínú rẹ̀, àtúnṣe rẹ̀ kò sì ń há èèyàn lọ́wọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: káàdì fídíò, pẹ̀lú iná tí yóò gbé e

FSX kì í fi káàdì fídíò ṣe iṣẹ́ púpọ̀. UHD 630, ẹ̀yà àwòrán tó wà nínú i5-8500, lè gbé e lórí mọ́nítọ̀ 1920 × 1080 bí ẹ bá rẹ ètò àwòrán sílẹ̀. Ẹ lè kọ́kọ́ rà á bẹ́ẹ̀, kí ẹ fi káàdì kún un nígbà tí owó bá tún dé. Àwọsánmà tó kún ojú ọ̀run àti bí etí àwòrán ṣe ń dán láìní eyín ayùn ni ibi tí káàdì ti wúlò jù.

Ibi tí ìṣòro wà gan-an ni iná. Power supply (ẹ̀yà tó ń pín iná) inú àwọn àpótí ọ́fíìsì wọ̀nyí kéré, púpọ̀ nínú wọn wà láàárín 180 watt sí 260 watt, wọn kì í sì ní okùn 6-pin tí káàdì ńlá ń béèrè. Ẹ má rò pé ẹ kàn lè pààrọ̀ rẹ̀: Dell, HP àti Lenovo máa ń lo sọ́kẹ́ẹ̀tì tiwọn lórí motherboard, èyí tí kì í ṣe 24-pin tó wọ́pọ̀. Ẹni tó bá ra power supply ọjà lásán yóò délé, yóò rí i pé kò wọ ibi tó yẹ kó wọ̀. Adapter wà fún un, àmọ́ owó mìíràn nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ìtóbi power supply náà lè má bá àyè tó wà nínú àpótí mu.

Ohun tó rọrùn jù ni káàdì tí kò béèrè okùn iná lọ́tọ̀. Ojú PCIe x16, ibi tí a ń ki káàdì bọ̀ lórí motherboard, lè fún káàdì ní 75 watt, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Àwọn SFF kan kò tilẹ̀ fún un tó ìyẹn, nítorí náà ẹ ka ìwé ìlò àpótí náà kí ẹ tó rà. Àwọn tó bá a mu:

- GTX 1050 Ti, 75 watt, 4 GB. Èyí ni a óò kọ́kọ́ dábàá.
- GTX 1650, 75 watt. Ẹ wò ó dáadáa, àwọn kan lára rẹ̀ ní ojú 6-pin. Ẹ má ra ìyẹn.
- GTX 750 Ti, 60 watt. Ó ti dàgbà, ṣùgbọ́n ó tó fún FSX.
- GT 1030, 30 watt, fún SFF. Ẹ rí i pé GDDR5 ni wọ́n kọ sí i. Èyí tí wọ́n kọ DDR4 sí lọ́ra gan-an, orúkọ kan náà ni wọ́n sì fi ń tà á.

Nípa okùn mọ́nítọ̀, ọ̀pọ̀ àpótí ọ́fíìsì ní DisplayPort láìní HDMI. Ẹ wo ẹ̀yìn mọ́nítọ̀ yín kí ẹ tó jáde nílé.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: RAM àti ibi ìpamọ́

8 GB tó: 4 GB fún géèmù, ìyókù fún Windows. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ 4 GB méjì dípò 8 GB kan, pàápàá bí ẹ ò bá tíì ní káàdì fídíò, torí àwòrán inú CPU ń pín RAM náà lò, ọ̀nà méjì sì yára ju ọ̀nà kan lọ. 16 GB dára bí ẹ bá ń ṣí búráúsà sẹ́gbẹ̀ẹ́ géèmù. Èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, FSX kò ní fọwọ́ kàn án.

Ẹ fi SSD, ibi ìpamọ́ tó yára ju hard disk lọ, sí i. Kò ní fi fírémù (iye àwòrán tó ń hàn ní ìṣẹ́jú àáyá kan) kún géèmù, ṣùgbọ́n géèmù yóò tètè ṣí, ilẹ̀ tó ń wá sábẹ́ bàlúù kò sì ní dà rúdurùdu kó tó mọ́lẹ̀. Géèmù náà fúnra rẹ̀ ń béèrè nǹkan bíi 14 GB. 240 GB tó láti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun yóò máa fi àwòrán ilẹ̀ àwọn orílẹ̀-èdè kún un, kó lọ tààrà sí 500 GB.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ yẹ ẹ̀rọ náà wò kí ẹ tó sanwó

Ẹ tan án, kí ẹ sì wọ BIOS, ètò tó ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó ṣí: F2 fún Dell, F10 fún HP, F1 fún Lenovo. Bó bá béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà tí olùtajà kò mọ̀, ẹ fi sílẹ̀. Bí aago inú rẹ̀ bá ti yí pa dà sí ọdún àtijọ́, bátìrì CR2032 inú rẹ̀ ló kú. Ìyẹn rọrùn láti pààrọ̀.

Nínú Windows, ẹ tẹ Ctrl+Shift+Esc, kí ẹ wọ Performance. Orúkọ CPU yóò hàn lókè. Ẹ kà á títí dé lẹ́tà tó kẹ́yìn. Ibẹ̀ náà ni ẹ ó ti rí iye RAM àti iye ojú tí wọ́n ti lò. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí CrystalDiskInfo láti wo ìlera dísìkì. Bí Reallocated Sectors (iye ibi tó ti bàjẹ́ lórí dísìkì) hard disk kan bá ti kúrò ní òdo, ẹ kà á sí pé ẹ ó ra dísìkì mìíràn, kí ẹ sì yọ owó rẹ̀ nínú iye tí ẹ ó san.

Èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò dá ni ooru. Ẹ jẹ́ kí CPU ṣiṣẹ́ gidi fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ máa fi HWMonitor wo ooru rẹ̀. Bó bá wà lábẹ́ 80°C, ó dára. Bó bá ń sún mọ́ 100°C, CPU yóò dín eré ara rẹ̀ kù kó má bàa jóná, 4.1 GHz tí ẹ torí rẹ̀ sanwó yóò sì di 3 GHz láìsí ẹni tó sọ fún yín. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, eruku inú fáànù àti paste tó ti gbẹ láàárín CPU àti irin tó ń fa ooru rẹ̀ ló fà á. Ẹ gbọn eruku náà, ẹ nu paste àtijọ́ kúrò, ẹ fi tuntun tó tó ẹ̀wà kan sáàárín. Ẹ̀rọ tó gbóná kì í ṣe ẹ̀rọ tó bàjẹ́, ó kàn yẹ kó mú owó rẹ̀ wálẹ̀ ni.

Ẹ tún fi nǹkan dán gbogbo ojú USB wò. Joystick, kíbọ́ọ̀dù, máòsì àti ẹsẹ̀ ìdarí yóò gba ojú mẹ́rin lọ́wọ́ kan náà.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: fífi géèmù sí i

Bí tiyín bá jẹ́ ti DVD, ẹ rántí pé àpótí tuntun kì í sábà ní ojú DVD mọ́. Ẹ wá èyí tó ń lo USB. Ẹ má fi géèmù sínú Program Files. Windows ń ṣọ́ fódà yẹn, àwọn bàlúù àti àwòrán ilẹ̀ tí ẹ bá fi kún un kò sì ní ráyè kọ fáìlì wọn síbẹ̀ bó ti yẹ. Ẹ ṣẹ̀dá C:\FSX, kí ẹ fi síbẹ̀.

Bó bá jẹ́ FSX lásán, ẹ fi sí i, ẹ ṣí i lẹ́ẹ̀kan kí ẹ sì pa á, ẹ fi SP1 sí i, ẹ tún ṣí i, kí SP2 tó tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá ní Acceleration, àfikún tí Microsoft ṣe fún FSX, àtúnṣe SP2 ti wà nínú rẹ̀. Ẹ má fi SP2 lé e. Steam Edition, èyí tí wọ́n ń tà lórí Steam, kò nílò ìkankan nínú wọn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ kọ %APPDATA%\Microsoft\FSX sí ojú ọ̀nà fódà, kí ẹ fi Notepad ṣí fsx.cfg. Lábẹ́ [GRAPHICS], ẹ kọ HIGHMEMFIX=1. Láìsí ìlà yìí, àwòrán inú bàlúù lè dúdú tàbí kí mẹ́nù pòórá lẹ́yìn ìrìn wákàtí mélòó kan. Ẹ má da fsx.cfg ẹlòmíràn kọ lódidi, torí orúkọ káàdì fídíò rẹ̀ wà nínú fáìlì náà. Bí tiyín bá dàrú, ẹ pa á rẹ́. Géèmù yóò kọ òmíràn nígbà tí ẹ bá tún ṣí i.

Nínú Windows, ẹ yan High performance ní Power Options. Ẹ wọ Device Manager, kí ẹ yọ àmì tó ń gba Windows láyè láti pa USB Root Hub kúrò lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bí ẹ kò bá ṣe é, joystick lè kú sí yín lọ́wọ́ nígbà tí bàlúù ń balẹ̀ gan-an.

Ìgbésẹ̀ keje: ètò inú géèmù àti ìdánwò

Ẹ fi Target frame rate sí 30. Fún FSX, 20 sí 30 fírémù dán dáadáa, ìgbìyànjú láti dé 60 sì ń gba agbára tó yẹ kó fi kó ilẹ̀ jọ. Ẹ jẹ́ kí Autogen (ilé àti igi tí géèmù ń tò sórí ilẹ̀ fúnra rẹ̀) wà ní Normal tàbí Dense, Road vehicles láàárín 0 sí 10%, Airline traffic nítòsí 20%. Ẹ pa Light bloom àti Ground scenery shadows. Ẹ jẹ́ kí omi wà ní Low 2.x tàbí nísàlẹ̀ rẹ̀. TEXTURE_MAX_LOAD=1024 inú fsx.cfg, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. 4096 máa ń jẹ 4 GB yẹn tán kíákíá, géèmù á ní memory ti tán, á sì ti ara rẹ̀ pa.

Ẹ lọ sí pápákọ̀ òfurufú tó kún, kí ẹ tẹ Shift+Z títí iye fírémù yóò fi hàn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ wá dín ìwọ̀n àwòrán kù láti 1920 × 1080 sí 1280 × 720, kí ẹ tún wò ó níbi kan náà. Bí nọ́ńbà náà kò bá yí pa dà, CPU ló ń dá yín dúró: ẹ rẹ Autogen àti traffic sílẹ̀, torí káàdì fídíò tuntun kò ní ṣe nǹkan kan. Bó bá lọ sókè dáadáa, káàdì ni. Ìgbà yẹn ni GTX 1050 Ti tó owó rẹ̀. Bó bá bẹ̀rẹ̀ dáadáa tó sì ń lọ sílẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10, ẹ pa dà sídìí ooru CPU kí ẹ tó ra ohunkóhun.